Lọ́rì Gẹdú Tí Kò Gbá Ẹnikẹ́ni

Èmi ni mo pa irọ́ náà. Mo fẹ́ kí ẹni tó ń ka ìwé yìí ti mọ̀ bẹ́ẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, nítorí pé nínú ilé wa, bí ọ̀rọ̀ kan bá ti bàjẹ́, ìyá wa tó ti kú là ń dì í rù. Ìyá mi mọ̀ sí i, kò sì bá mi wí, ṣùgbọ́n ẹnu tèmi ni irọ́ náà ti jáde.

Láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú ni ẹ̀gbọ́n mi obìnrin kò ti lè fi ẹsẹ̀ rìn bí àwa yòókù. Ọmọ ọdún mẹ́ta ni nígbà tí ibà kan mú un fún ọjọ́ mẹ́rin. Nígbà tí ibà náà máa lọ, ó gbé agbára ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì dání lọ. Rọpárọsẹ̀ ni. Ọdún kan lẹ́yìn ìgbà náà ni wọ́n bí mi, àwa méjì péré sì ni ìyá wa bí. Tísà ni bàbá wa, ọmọ ìjọ Áńgílíkà tọkàntọkàn, ibi tí wọ́n bá sì gbé tísà lọ nígbà náà ni tísà ń gbé. Etí omi ni wọ́n gbé tiwa lọ, ní Ògùn Waterside, níbi tí ẹlòmíràn ti ń wa ọkọ̀ ojú omi wá sí ilé ẹ̀kọ́. Ibẹ̀ la wà títí ẹ̀gbọ́n mi fi pé ọmọ ogún ọdún, kí bàbá wa tó kó wa padà sí Òkè-Ṣopẹ́n ní Ìjẹ̀bú-Igbó, sínú ilé tó ti ń fi owó oṣù kọ́ ní yàrá kan lọ́dún kan.

Òun ló jẹ́ kí irọ́ mi rí ilẹ̀ dúró sí. Ní Ìjẹ̀bú-Igbó, kò sẹ́ni tó mọ ẹ̀gbọ́n mi ní kékeré. Ọ̀dọ́bìnrin tó ń fi ọ̀pá méjì rìn, tó sì mọ aṣọ rán, ni wọ́n mọ̀.

Nílẹ̀ wa, a kì í gbé ìyàwó láìwádìí ilé tó ti wá. Wọ́n á wádìí bóyá wèrè wà níbẹ̀, bóyá wárápá wà níbẹ̀, bóyá ẹnìkan jalè rí. Ọkùnrin kan láti Òjòwò kọ́kọ́ fẹ́ fẹ́ mi. Àwọn ẹbí rẹ̀ wá kí wa lẹ́ẹ̀kan, wọ́n mu mínírà, wọ́n wo ẹsẹ̀ ẹ̀gbọ́n mi bí ó ṣe ń ti yàrá bọ̀, wọn kò sì padà wá mọ́. A gbọ́ ọ lẹ́yìn pé wọ́n ní ó wà nínú ẹ̀jẹ̀ wa, pé bí mo bá bí mẹ́ta, ẹyọ kan á rọ. Ìbínú tí mo bí lọ́jọ́ náà, àwọn ará Òjòwò kọ́ ni mo bí i sí. Ẹ̀gbọ́n mi ni. Mo bi ara mi pé kí ló dé tí kò lè jókòó sí yàrá ní wákàtí kan péré. Ojú ń tì mí láti kọ ọ́, ṣùgbọ́n bó ṣe rí nìyẹn.

Nígbà tí ọkọ mi yọjú láti Àgọ́-Ìwòyè, mo ti pé ọmọ ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n, wọ́n sì ti ń fi ọ̀rọ̀ mi gbàdúrà ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ó sọ fún mi pé ìyá òun àti àǹtí òun ń bọ̀ wá kí wa ní ọjọ́ Sátidé. Bàbá wa kò ní sí nílé lọ́jọ́ náà, ó ń lọ sí Ìjẹ̀bú-Òde. Ká ní ó máa wà nílé ni, ọ̀rọ̀ ì bá yàtọ̀.

Ní Fúráídé, mo bá ẹ̀gbọ́n mi nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ ọlọ́wọ́ rẹ̀, mo sì sọ fún un pé bí wọ́n bá béèrè, mọ́tò ló gbá a.

“Mọ́tò wo?” ló bi mí.

“Mọ́tò kan ṣá. Lọ́nà Àtìkòrí. Nígbà tí ẹ ti dàgbà, ọjọ́ tí à ń kó bọ̀ wá síbí.”

Kò bínú. Ó fi eyín gé òwú, ó ronú díẹ̀. “Bí ó bá jẹ́ mọ́tò kékeré, wọ́n á béèrè ẹni tó wà á. Jẹ́ kó jẹ́ lọ́rì gẹdú. Ta ló ń rí awakọ̀ gẹdú mú?”

Òótọ́ ni. Ní ìlú wa nígbà náà, àtàárọ̀ dalẹ́ ni lọ́rì tó ru igi ràgbàràgbà ń ti inú igbó bọ̀, ẹni tí ó bá sì gbá, Ọlọ́run rẹ̀ ló mọ̀. A rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wa. Ó tún bi mí pé àwọ̀ wo ni kí lọ́rì náà ní. Mo ní àwọ̀ ewé. Títí dòní, bí mo bá rántí ẹ̀rín ọjọ́ náà, inú mi máa ń bàjẹ́ ju bí mo bá rántí irọ́ náà fúnra rẹ̀ lọ.

Ìyá mi gbọ́ wa láti ìdí ààrò. Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, ó ti kó irin ẹsẹ̀ tí ẹ̀gbọ́n mi ń wọ̀ ní kékeré àti káàdì ilé ìwòsàn rẹ̀, ó ti dà wọ́n sínú ṣáláńgá.

Ó wá ku fọ́tò. Fọ́tò kan ṣoṣo la ní láti etí omi, ó wà nínú férémù ní pálọ̀. Bàbá àti ìyá wa jókòó sórí àga. Ẹ̀gbọ́n mi, ọmọ ọdún mẹ́jọ, jókòó níwájú wọn lórí àpótí, ẹsẹ̀ rẹ̀ nà síwájú nínú irin. Èmi, ọmọ ọdún mẹ́rin, dúró tì í. Mo yọ ọ́ kúrò nínú férémù, mo mú sísọ́ọ̀sì ẹ̀gbọ́n mi, mo sì gé ìsàlẹ̀ rẹ̀ kúrò láti apá kan dé apá kejì. Bí mo ṣe gé e, gbogbo wa ni a kò ní ẹsẹ̀ mọ́, bàbá, ìyá, àti èmi náà, kí tirẹ̀ má bàa hàn. Apá mi kan nà sísàlẹ̀, sísọ́ọ̀sì sì gé e ní ọrùn ọwọ́. Mo dá fọ́tò padà sínú férémù, mo fi káàdì funfun dí ibi tó ṣófo. Lọ́jọ́ kejì, mo sọ ìtàn lọ́rì fún àwọn àlejò wa, wọ́n wo fọ́tò náà, wọ́n sì ní bàbá wa ga.

Nígbà tí bàbá wa gbọ́ ohun tí a ṣe, kò pariwo. Kì í pariwo. Ó wò mí, ó ní, “Ẹ ti sọ ọmọ mi di ẹni tí kò ṣe kékeré rí.” N kò mọ ohun tó ń wí. Mo rò pé gírámà tísà lásán ni.

Ìgbéyàwó mi dùn. Ẹ̀gbọ́n mi ló rán gbogbo aṣọ tí mo wọ̀ lọ́jọ́ náà, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ló fi yí ẹ̀rọ, ṣùgbọ́n kò wá. Nọ́ọ̀sì kan wà nínú ẹbí ọkọ mi, a sì mọ̀ pé ẹsẹ̀ tí mọ́tò gbá kì í tínrín báyẹn. Ẹ̀gbọ́n mi ní inú ń run òun. Ó jókòó sínú ilé ní Òkè-Ṣopẹ́n, èmi sì ń jó ní Àgọ́-Ìwòyè. N kò bẹ̀ ẹ́ kó wá. Kí n sọ ọ́ bó ṣe rí: inú mi dùn pé kò wá.

Lẹ́yìn ìyẹn, lọ́rì gẹdú di ẹbí wa. Bí àwọn ọmọ mi bá lọ lo họlidé lọ́dọ̀ rẹ̀, wọ́n á ní kó sọ ìtàn lọ́rì. Á sọ ọ́, ẹ ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gbọ́ họ̀ọ̀nù rẹ̀. Ó fi ọmọ ẹ̀yìn ọkọ̀ kan sí i, ó fi burẹ́dì kan tó fò bọ́ sínú gọ́tà sí i. Àbíkẹ́yìn mi kì í kọjá níwájú ilé ìlagi láìdi ọwọ́ mi mú. Àwọn ìyá ìjọ náà gbọ́ ọ, àwọn oníbàárà rẹ̀ gbọ́ ọ. N kò jẹ́ kó wá sí ìpàdé kankan tí ará etí omi lè wà. Òun náà kò béèrè. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa bá a. Tiwa lọ ju ọgbọ̀n ọdún, mo sì ti gbàgbé pé nǹkan kan ń bọ̀ lẹ́yìn.

Àwọn òbí wa kú. Ẹ̀gbọ́n mi nìkan ló kù sínú ilé bàbá wa. Ó ti lé ní ọmọ ọgọ́ta ọdún báyìí, ọ̀pá méjì tó ń tì sí abẹ́ apá ti ba èjìká rẹ̀ jẹ́, ọwọ́ tó fi ń yí ẹ̀rọ kò gbéra mọ́. Èmi àti ọkọ mi ti fẹ̀yìn tì, orí òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì la háyà. Mo ní kó wá bá wa gbé. Ó ní òun kò lè gun àtẹ̀gùn, òun kò sì lè di ẹrù ní ọjọ́ ogbó. “Ilé bàbá mi ni kí ẹ ti gbé mi jáde,” ló sọ.

Ìgbà náà la gbọ́ nípa ìrànwọ́ kan. Ẹgbẹ́ kan dá a sílẹ̀ fún ọmọ tísà tí bàbá rẹ̀ ti kú, tí ara rẹ̀ kò sì dá láti kékeré. Wọ́n máa ń fún irú ẹni bẹ́ẹ̀ ní nǹkan lóṣooṣù títí ọjọ́ ikú rẹ̀, wọ́n á fún un ní kẹ̀kẹ́ tí wọ́n ń jókòó sí, wọ́n á sì san owó ẹni tí yóò máa wá tọ́jú rẹ̀ nínú ilé rẹ̀. Inú ilé rẹ̀! Mo fò sókè. Ọkọ mi wà wá lọ sí ọ́fíìsì wọn ní Ìjẹ̀bú-Igbó, ó gbé ẹ̀gbọ́n mi sọ̀ kalẹ̀, ó sì bá wa jókòó.

Ọmọbìnrin kékeré kan ló ń kọ ọ̀rọ̀ wa sílẹ̀, ó mọ̀wà hù. Ó béèrè ọjọ́ orí, ó béèrè ilé ẹ̀kọ́ tí bàbá wa ti ṣiṣẹ́. Ó wá gbójú sókè.

“Mọ́mì, ìgbà wo ni ẹsẹ̀ yín bẹ̀rẹ̀? Ohun tí wọ́n ń wò jù nìyẹn. Ó gbọ́dọ̀ ti wà kí ẹ tó pé ọmọ ọdún méjìdínlógún. Ẹni tó bá ti dàgbà kó tó ṣẹlẹ̀ sí i, wọ́n gbà pé ó ti kúrò lọ́wọ́ bàbá rẹ̀.”

Mo yọ̀ nínú mi. Ọmọ ọdún mẹ́ta! Kí ló tún kù? Mo yíjú sí ẹ̀gbọ́n mi kó dá a lóhùn.

“Lọ́rì gẹdú ni,” ló sọ. “Lọ́nà Àtìkòrí. Mo ti pé ọmọ ogún ọdún.”

Ó sọ ọ́ wọ́ọ́rọ́wọ́, bó ṣe máa ń sọ ọ́ fún àwọn ọmọ mi. Ó kàn yọ burẹ́dì kúrò ni. Ọmọbìnrin náà wo ìwé, ó wo ojú rẹ̀, àánú ṣe é. Ó ní bó bá rí bẹ́ẹ̀, kò bá tiwọn mu. Mo la ẹnu. Ọkọ mi jókòó sí apá ọ̀tún mi, bàtà rẹ̀ kan bàtà mi. Mo pa ẹnu dé. Ọmọbìnrin náà fi gègé fa ìlà kan sórí ìwé wa, a sì dìde.

Nígbà tí a délé, tí ọkọ mi lọ wá omi tí yóò dà sínú mọ́tò, mo dojú kọ ọ́. “Ẹ̀gbọ́n mi, kí lẹ wí yẹn? Ṣé ẹ kò gbọ́ ohun tí ọmọ yẹn béèrè ni?”

“Mo gbọ́.”

“Kí ló wá dé?”

Ó wò mí bí ẹni pé èmi ni orí mi kò pé. “Ọkọ rẹ wà níbẹ̀,” ló sọ.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi wò ó. Èmi ni mo yẹ kí n sọ̀rọ̀, mo fẹ́ kó jẹ́ ẹnu rẹ̀ ni òtítọ́ ti jáde, kí n lè sọ fún ọkọ mi pé èmi náà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbọ́ ọ ni. Òun sì ń dáàbò bo ilé mi. Mo lọ sí ẹ̀yìnkùlé, mo sunkún bí ọmọdé.

Lọ́jọ́ kejì mo bẹ̀rẹ̀ sí í wá ẹ̀rí fúnra mi, láìtíì sọ fún ọkọ mi. Mo pe ọmọbìnrin ọ́fíìsì lórí fóònù, ó ní bí a bá ní ohunkóhun láti ìgbà èwe rẹ̀, káàdì, ìwé, fọ́tò, òun á tún ìwé náà ṣí. Mo lọ sí etí omi. Ilé ẹ̀kọ́ bàbá wa ti di tuntun, ikán ti jẹ rẹ́jísítà àtijọ́, ẹni tí mo mọ̀ níbẹ̀ kò ju ẹyọ kan lọ, kò sì ríran mọ́. Mo lọ bá àgbà ìyá ìjọ wa ní Òkè-Ṣopẹ́n pé kó bá wa jẹ́rìí. Ó fọwọ́ bà mí léjìká. “Áà, mo rántí dáadáa. Lọ́rì aláwọ̀ ewé yẹn. Mo gbọ́ ìró rẹ̀ lọ́jọ́ náà.” Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ọjọ́ náà ni ọ̀rọ̀ bàbá mi yé mi. A ti gba kékeré lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n mi, a sì ti sọ ọ́ sínú ṣáláńgá pẹ̀lú irin rẹ̀.

Mo sọ fún ọkọ mi lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán. Mo kúnlẹ̀. Mo ní lọ́rì kankan kò sí, pé rọpárọsẹ̀ ni láti ọmọ ọdún mẹ́ta, pé mo tàn án wọlé. Ó gbọ́ gbogbo rẹ̀, ó nu ọwọ́ rẹ̀, ó ní, “Dìde. Jẹ́ ká lọ bá ìyá mi.” Mo rò pé ó fẹ́ lọ fẹjọ́ mi sùn ni. Ní gbogbo ọ̀nà, mo ń ronú ẹni tí yóò bá mi bẹ̀ wọ́n.

Ìyá ọkọ mi ti dàgbà gan-an, orí àkéte ni wọ́n sábà máa ń wà, ṣùgbọ́n ọpọlọ wọn ṣì ń ṣiṣẹ́. Ìjẹ̀bú paraku ni wọ́n ń sọ, bí ẹni pé èdè mìíràn kò sí láyé. Mo tún kúnlẹ̀, mo tún rò ó. Wọn kò jẹ́ kí n dé ìdí rẹ̀.

“Ìyàwó mi, éè ṣe òní la mọ̀,” ni wọ́n wí. “Kí a tó wá sílé yín ni a ti mọ̀. Àbúrò mi ń lọ ra ẹja létí omi nígbà náà. Ó béèrè nípa bàbá yín tó jẹ́ tísà níbẹ̀, wọ́n ní ọmọ rẹ̀ kan ń wọ irin ẹsẹ̀. Wọ́n ní ibà ni, pé bàbá rẹ̀ ló ń pọ̀n ọ́n lọ sí ilé ẹ̀kọ́ lójoojúmọ́. Mo ní bàbá tó pọn ọmọ rẹ̀ bẹ́ẹ̀, ilé rẹ̀ ni kí ọmọ mi ti fẹ́yàwó.”

“Ẹ mọ̀, Mà? Ẹ ò sì sọ?”

“Ìwọ lo ní ọ̀rọ̀. À ń dúró dè ọ́ kóo sọ ọ́.”

Mo yíjú wo ọkọ mi. Ó ń wo ilẹ̀. Òun náà mọ̀. Ọgbọ̀n ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ ni ó ti ń jókòó gbọ́ ìtàn lọ́rì lẹ́nu ẹ̀gbọ́n mi, tí ó ń mi orí, tí ó ń ṣe “Háà!” níbi tó yẹ. Irọ́ mi kò ra nǹkan kan fún mi. Ẹnìkan ṣoṣo ló san gbèsè rẹ̀.

Mo lọ sọ fún ẹ̀gbọ́n mi. Mo jókòó sílẹ̀ lẹ́bàá ẹsẹ̀ rẹ̀, mo sọ gbogbo ohun tí ìyá ọkọ mi wí. Ó ń fi ìka pa etí aṣọ rẹ̀ pọ̀, ó ń tú u.

“Wọ́n mọ̀?” ló wí nígbẹ̀yìn.

“Wọ́n mọ̀.”

“Mo lè wá jó níbi ìgbéyàwó rẹ nígbà náà.”

Kò sọ ọ́ pẹ̀lú ìbínú. Ì bá ti dára ká ní ó gbá mi létí. Mo ní, “Ẹ dárí jì mí,” ó ní, “Ṣe jẹ́ẹ́, mo ń ronú.” Lẹ́yìn náà ó ní kí n gbé dúrọ́ọ̀ ẹ̀rọ ìránṣọ wá, èyí tó ń kó bọ́tìnnì sí. Lábẹ́ bọ́tìnnì, nínú àpò ìwé kan, ó yọ pẹlẹbẹ fọ́tò tẹ́ẹ́rẹ́ kan jáde. Ó ní nígbà tí mo gé e tán lọ́jọ́ náà, mo sọ ọ́ sílẹ̀, òun sì ṣà á.

Mo ní, “Ẹ ní èyí lọ́wọ́, ẹ sì sọ fún ọmọ ọ́fíìsì pé lọ́rì ni?”

“Mo ti dáhùn ìyẹn fún ọ,” ló wí.

A padà lọ sí ọ́fíìsì ní ọjọ́ Mọ́ńdè, àwa mẹ́ta. Mo yọ fọ́tò pálọ̀ kúrò nínú férémù lẹ́yìn ọdún gbọọrọ, mo sì fi í lé tábìlì. Kí ọmọbìnrin náà tó béèrè ohunkóhun, mo sọ fún un pé irọ́ ni lọ́rì, pé èmi ni mo dá a sílẹ̀, kò sì sí ohun tí ẹ̀gbọ́n mi ṣe. Ọkọ mi fọwọ́ lé mi lẹ́yìn. Ọmọbìnrin náà gba pẹlẹbẹ kejì lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n mi, ó yí i padà, ó sì rí ìwé bàbá wa níbẹ̀, ìwé tísà tó dúró ṣánṣán: etí omi, ìsinmi Àjíǹde, ọmọ mi àgbà ọdún mẹ́jọ, àbúrò rẹ̀ ọdún mẹ́rin. Ó ní èyí tó, pé òun á fi ránṣẹ́ sí àwọn ọ̀gá òun, kí èmi sì lọ búra ní kóòtù lórí ohun tí mo sọ. Mo ní màá búra.

Ó wá to fọ́tò méjèèjì pọ̀ lórí tábìlì, ó fi ìka tì wọ́n títí etí wọn fi kanra. Gbogbo wa tún ní ẹsẹ̀. Bàtà bàbá wa, sálúbàtà ìyá wa, irin méjì tó ń dán nínú oòrùn. Ọwọ́ kékeré kan wà lórí irin náà, ó dì í mú gírígírí bí ẹni pé wọ́n fẹ́ gbà á. N kò fiyè sí ọwọ́ náà rí.

“Ọwọ́ ta nìyí, Mọ́mì?” ni ọmọbìnrin náà béèrè.

“Ọwọ́ àbúrò mi ni,” ni ẹ̀gbọ́n mi wí. “Kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan ẹsẹ̀ mi.”